Fọ́tò Kì í Dá Rìn

Kò sí ẹbí tí mo mọ̀ lóde òní tí kò ní gúrúùpù lórí WhatsApp, kò sì sí gúrúùpù ẹbí tí fọ́tò àtijọ́ kì í já sí. Ẹnì kan á jí lọ́jọ́ Àìkú, á gbé e síbẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Obìnrin mẹ́ta jókòó lórí àga, wọ́n wọ aṣọ kan náà, gèlè wọn dúró dáadáa. Ọmọdékùnrin kan dúró lẹ́yìn wọn, ó di apá àga mú. Àwọn ènìyàn á fi àmì ọkàn pupa sí i. Ọ̀kan á ní “àwọn àgbà wa!”, òmíràn á ní “ayé ọjọ́un dára o.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àdúrà òwúrọ̀ àti ìkéde ìpàdé ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ àwọn obìnrin náà. Tó bá tún pẹ́ díẹ̀, fọ́tò yẹn kan náà á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn padà wá. Ojú rẹ̀ á ti ṣú sí i, wọ́n á ti gé ọmọdékùnrin ẹ̀yìn kúrò, a ó sì tún máa wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí iṣẹ́ tí mo fi ara mi sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni kíkó fọ́tò ìdílé ìyá mi jọ, láti àwọn pálọ̀ Ìbàdàn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní London. Èmi ni mò ń gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo wa lè rí wọn. Ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé ẹni tó bá fi fọ́tò síta láìfi ọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn kò tíì fi fọ́tò síta. Ta nìyí? Níbo ni? Ìgbà wo ni? Ta ló yà á? Ta ló gbà pé kí a gbé e jáde? Tí kò bá sí èyí, ìwé aláràbarà lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Òkè pálọ̀, nítòsí àjà, ni ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́ wà nínú férémù. Ohun tí mo sì máa ń rí ni pé ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ á dúró sísàlẹ̀, á na fóònù sókè, á tẹ̀ ẹ́. Ohun tí yóò yọ ni gílóòbù tó ń tàn lójú gíláàsì, òjìji ẹni tó ń ya fọ́tò, àti orí bàbá àgbà tó ti rí ṣóńṣó nítorí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti yà á. Ẹ sọ férémù náà kalẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ pa fíláàṣì, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù wà lókè rẹ̀ gbọnrangandan, kó má tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí gíláàsì ṣì ń dán lójú, áàpù PhotoScan tí Google gbé jáde ní 2016 á ya àwòrán náà láti igun mélòó kan, á sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ náà lè kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú férémù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Gẹ́látììnì ló wà lójú àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn. Tí ọ̀rinrin bá ti mú un fún ọ̀pọ̀ ọdún, á gan mọ́ gíláàsì, ẹni tó bá sì fà á, ojú ènìyàn ni yóò ṣí bọ́ sára gíláàsì. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ yà á ti òun ti gíláàsì rẹ̀. Èyí tí kò bá lẹ̀, tí ẹ sì ní sìkáánà, 600 dpi ni kí ẹ fi sí, ìyẹn ni pé kó ka píkísẹ́lì 600, àwọn àmì tíńtín tó para pọ̀ di àwòrán, nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tó jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà ní gígùn àti mẹ́rin ní fífẹ̀ á wá di píkísẹ́lì 3,600 ní 2,400, èyí sì tó yín láti fi tẹ òmíràn tó tóbi jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ ya ẹ̀yìn náà pẹ̀lú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo èyí. Ẹ̀yìn fọ́tò ni òǹtẹ̀ onífọ́tò máa ń wà, pẹ̀lú orúkọ ilé fọ́tò rẹ̀ àti àdúgbò tó wà. Ibẹ̀ ni ẹni tó fi ránṣẹ́ ti máa ń fi bíírò kọ ọ́ pé fún ìrántí ọjọ́ báyìí, láti ọ̀dọ̀ lágbájá sí làkáṣègbè. Àwọn tí ojú wọn wà níwájú ti kú, ilé fọ́tò ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ìlà kan tí wọ́n kọ sẹ́yìn á sọ ohun tí gbogbo gúrúùpù kò lè sọ.

Ẹni tó bá rò pé ojú nìkan tó, kó wo ohun tí àwọn onífọ́tò ń ṣe nílùú Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbé èyí tó kù lọ sí ilé fọ́tò. Onífọ́tò á yà á, á wá tẹ àwòrán ọmọ kan ṣoṣo yìí lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ó lè dà bí ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ọ̀kan, tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Fọ́tò náà á wá dúró dípò ère ìbejì nínú ilé. Ẹ wá rò ó pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ já sínú gúrúùpù lónìí láìsí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ méjì ni gbogbo ènìyàn yóò rí. Wọn yóò kọ “ẹ wo bí wọ́n ṣe jọra!” Ìyá tó gbé ọmọ kan lọ, tó sì gbé fọ́tò ọmọ méjì bọ̀, kò sí ẹni tí yóò rí i nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn ni bí fọ́tò ṣe ń dín kù lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, JPEG ni, ìyẹn ìlànà ìfi-fọ́tò-pamọ́ tó jáde ní 1992. Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀, Nasir Ahmed, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló dábàá rẹ̀ ní 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. JPEG á pín àwòrán sí igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, píkísẹ́lì mẹ́jọ ní òró, mẹ́jọ ní ìbú. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á dá ohun tí ojú ènìyàn kì í tètè rí nù, kí fáìlì lè kéré. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, láìsí i, fọ́tò kì bá tí lè rin ìrìn tó ń rìn lónìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá tún fọ́tò náà tò, tí a tún un gé, tí a sì tún un fi pamọ́ ni á tún dá nǹkan nù sí i.

Nínú fọ́tò àwa, kí ni ohun wẹ́wẹ́ tí ojú kì í tètè rí yìí? Ilà ojú ni. Ìdílé kan wà tí mo mọ̀ tó jẹ́ pé pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń mọ Bàbá kan yàtọ̀ sí àbúrò rẹ̀, torí pé wọ́n jọra bí imú ṣe jọ imú. Fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ wọn ti gba ọwọ́ ẹni púpọ̀ kọjá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó jẹ́. Irú ọnà tó wà lára àdìrẹ náà ń lọ bẹ́ẹ̀, àti ìlà híhun ẹtù, àti lẹ́tà kéékèèké tí onífọ́tò kọ sí igun ìsàlẹ̀.

WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù sí nǹkan bí píkísẹ́lì 1,600 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Láti oṣù Kẹjọ 2023 ni wọ́n ti fi àmì HD kún un, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kó tó fi ránṣẹ́, tirẹ̀ á mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó dára jù fún fọ́tò àtijọ́ ni pé kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, kí ẹ má gba ojú ibi tí wọ́n kọ Gallery sí. Fáìlì náà á dé bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín. Fọ́wọ́ọ̀dù lásán kì í tún un bàjẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ká ya ojú fóònù, ìyẹn screenshot, ká gé etí rẹ̀, ká wá tún gbé e sókè bíi tuntun.

Mi ò sì bá WhatsApp jà lórí dídín tó ń dín in kù. Àwọn ará ilé wa kan wà tó jẹ́ dátà ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan ni wọ́n ń rà. Ẹni tó bá da fáìlì ńlá ogún sínú gúrúùpù láàárọ̀ ti ná owó oníowó. Nítorí náà, kékeré ni mò ń fi sínú gúrúùpù fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń bá mi tọ́jú wọn ni mò ń fi ńlá ránṣẹ́ sí, lọ́tọ̀. Àwọn tó ń lo iPhone, ẹ rántí pé láti 2017 ni fóònù yín ti ń fi fọ́tò pamọ́ bíi HEIC, tí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lè má ṣí. Ẹ lè yí i sí JPEG nínú Settings.

Nínú fáìlì fọ́tò, àkọsílẹ̀ kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní EXIF. Kámẹ́rà ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀: irú fóònù, ọjọ́, aago, àti ibi tí a dúró sí gan-an bí a bá fi Location sílẹ̀ ní títàn. Ní oṣù Kejìlá 2012, nígbà tí John McAfee, ọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ń sá fún àwọn ọlọ́pàá Belize, àwọn oníròyìn Vice tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tó wà ní Guatemala wà nínú EXIF fọ́tò náà, àwọn ènìyàn kà á jáde, wọ́n sì mú un láìpẹ́. Tiwa lè má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò ọmọ tó ń ṣeré nínú ọgbà ilé lè gbé àdírẹ́sì ilé náà lọ sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

Facebook àti WhatsApp máa ń yọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò kí àwọn tó ń wò tó rí i. Íméèlì kì í yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Document orí WhatsApp tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn yìí kì í yọ ọ́. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò òde òní ránṣẹ́ ní Document, kó pa Location kámẹ́rà rẹ̀ kó tó yà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá yí sí ni pé yíyọ tí wọ́n ń yọ ọ́ yìí, tó ń dáàbò bò wá, ló tún ń mú ọjọ́ àti orúkọ onífọ́tò lọ. Fún fọ́tò àtijọ́ sì rèé, ọjọ́ tí a fi fóònù yà á lára ògiri ni EXIF yóò kọ. Fọ́tò ìgbéyàwó ọdún 1964 á wà láàárín fọ́tò ọdún yìí nínú fóònù, bíi pé àná ni wọ́n ṣe é. Ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kọ òótọ́ ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbà pé kí a gbé e jáde wá kù. Ìyá àgbà kan wà nínú ìdílé wa tí mo gbé fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ lọ hàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbà kí àwọn ọmọ yín lókè òkun rí èyí?” Ó wò ó títí. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn, àwọn ọmọ tirẹ̀ ò mọ̀ mí. Má gbé e síta.” N kò béèrè ìdí. Fọ́tò náà wà ní ìpamọ́, kò tíì jáde, kò sì ní jáde níwọ̀n ìgbà tí Màmá kò bá yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ ni fọ́tò ìjàǹbá. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ọkọ̀ tó dojú dé tó dúró tán, fóònù ti jáde lápò. Kí wọ́n tó gbé ẹnikẹ́ni jáde, ó ti wà lórí Facebook, ó ti wà lórí Status. Nílẹ̀ wa, ikú ní bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ kò gbọdọ̀ sáré lọ bá ìyá olóògbé. Àwọn àgbà á kọ́kọ́ rí ara wọn. Wọ́n á yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò jókòó ti ìyá náà. Wọ́n á fi ọgbọ́n wádìí bóyá ó ti jẹun, wọ́n á rántí pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n lè kọ́kọ́ sọ pé ara ọmọ kò yá díẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè máa sún mọ́ ọn. Ìgbà tí ilé bá kún ni wọ́n tó túfọ̀. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni gbogbo èyí, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ń dáàbò bò. Fọ́tò ojú títì kò ní sùúrù yẹn. Aṣọ tí ọmọ wọ̀ jáde láàárọ̀ hàn nínú rẹ̀, nọ́mbà ọkọ̀ hàn, ìyá rẹ̀ sì wà lórí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti àsáláátù, níbi tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ti fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀ dé. Mo mọ ìyá tó jẹ́ pé bó ṣe gbọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá wà níbi ìjàǹbá, 122 ni nọ́mbà àwọn FRSC, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́mbà yẹn ni ẹ fi fóònù yín tẹ̀.

Irú ojú yẹn ni mo fi ń wo fọ́tò aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí ẹni tó lọ kí i yà. Ẹni tó sùn síbẹ̀ kò lè sọ pé rárá. Ní ti àwọn tó ń fi ojú ewé páásípọ́ọ̀tù àti físà síta láti dúpẹ́, ẹ bo nọ́mbà rẹ̀, ẹ máa dúpẹ́.

Ní ti ọmọ tuntun, ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1997, nílùú Santa Cruz ní California, Philippe Kahn wà ní ọsibítù níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí. Ó so kámẹ́rà, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká pọ̀, ó ya ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tó lé ní 2,000. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí fọ́tò àkọ́kọ́ tí a fi fóònù yà tí a sì pín lójú ẹsẹ̀. Nítorí ọmọ ni. Inú mi máa ń dùn sí i pé ayọ̀ bàbá ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí. Síbẹ̀, nínú ìdílé tiwa, mo rọ àwọn òbí pé kí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹjọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọmọ lórúkọ ná, kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà fi oyin àti iyọ̀ wúre fún un, kí orúkọ rẹ̀ lè wà lábẹ́ fọ́tò náà nígbà tí ayé bá kọ́kọ́ rí i. Tí ọmọ náà bá wá dàgbà dé ilé ìwé, ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò tí orúkọ ilé ìwé hàn ní àyà aṣọ rẹ̀.

Ibi tí a kó fọ́tò sí náà kì í dúró títí. Photobucket wà nígbà kan tí ẹgbàágbèje ènìyàn ń kó fọ́tò sí lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń fi líǹkì rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn káàkiri ayé. Ní 2017, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ ṣì máa hàn níbòmíràn yóò san $399.99 lọ́dún. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn ojú ewé tó kún fún àwòrán di ojú ewé àkíyèsí pé ẹ lọ sanwó. TinyPic kógbá sílé ní 2019. Flickr ní ẹni tí kò bá sanwó kò lè fi ju fọ́tò 1,000 síbẹ̀. Google Photos tó jẹ́ ọ̀fẹ́ láìlópin di gìgábáìtì 15 ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2021. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó sì tó 13 oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Fún oṣù méje gbáko, ẹni tó jẹ́ pé orí Twitter nìkan ni fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ wà ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé kó tó lè rí i. Ẹ jẹ́ kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín, nínú hard disk, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò bá yín gbé ilé kan náà. Ẹ̀dà ni èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tí kò ríran náà wà nínú ẹbí wa. TalkBack ló ń ka ojú fóònù fún wọn lórí Android, VoiceOver ló wà lórí iPhone. Tí fóònù bá dé orí fọ́tò tí kò ní àpèjúwe, “àwòrán” ni yóò kà, ó parí. Láti 2016 ni Facebook ti ń fi ẹ̀rọ ṣàpèjúwe fọ́tò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á ní ó lè jẹ́ ènìyàn mẹ́ta tó jókòó. Bàbá kan lára wa tí ojú rẹ̀ ti lọ sọ fún mi pé òun fẹ́ mọ irú aṣọ tí ìyá òun wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́ báyìí: “Ìyá jókòó ní àárín, ó wọ ìró àti bùbá sányán, ìborùn wà léjìká òsì. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn wà lọ́rùn rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà lórí ìtan ẹni tó jókòó tì í.” Nígbà tí Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n tún un kà.

Orúkọ ló wá gba wàhálà jù. Ìyá Káyọ̀dé, Ìyá Eléwé Ọmọ, Ìyàwó Alágbẹ̀dẹ: báyìí ni àwọn obìnrin ṣe pọ̀ nínú fọ́tò wa, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Ọmọ mọ̀ wọ́n ní Màmá, ọkọ mọ̀ wọ́n ní ìyá ọmọ rẹ̀. Nínú ilé kan náà, ẹnì kan lè ní orúkọ mẹ́rin, torí pé ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ó lè máa pe ọ̀kan ní Ìbàdí-àrán, kó pe èkejì ní Adúmáadán, kó pe ọkùnrin ní Akọ̀wé. Akọ̀wé tí àwọn ìyàwó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti Bùọ̀dá Làmídì tí àwọn ọmọ ń wí, ẹni kan náà ni, fọ́tò méjì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹbí méjì tí wọn kò mọ̀ pé òun ni. Nítorí náà, gbogbo orúkọ tí mo bá gbọ́ ni mò ń kọ: orúkọ àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì, orúkọ tí ìyàwó ilé ń pè é, àti ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Láti òsì sí ọ̀tún ni mò ń tò wọ́n. Ẹni tí a kò mọ̀, mò ń kọ pé a kò tíì mọ̀ ọ́n, mi ò fò ó. Ẹ máa rí i pé ibi tí mo bá ti kọ “a kò tíì mọ̀ ọ́n” yìí ni ẹnì kan ti máa ń fi ohùn ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta tàbí láti Peckham pé, “Àǹtí mi nìyẹn o!”

Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì fọ́tò gan-an, níbi tí wọ́n ń pè ní Caption nínú IPTC, ìyẹn àkọsílẹ̀ mìíràn nínú fáìlì tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, torí pé òun náà á máa bá fáìlì lọ tí a bá fi ránṣẹ́ ní Document. Mo tún ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ nínú gúrúùpù, torí WhatsApp á yọ ti inú kúrò bí fọ́tò bá gba ojú ọ̀nà tó wọ́pọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ń fi àmì ohùn sí orúkọ dáadáa. Nínú orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀, mi ò fi àmì sí i, nítorí pé àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń sọ ọ́ di jágbajàgba. Ọdún ló ń ṣíwájú, ìlú tẹ̀lé e, orúkọ ìdílé tẹ̀lé ìyẹn. Bí àgbàlagbà kan bá sì sọ ìtàn fọ́tò náà, mò ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń fún fáìlì ohùn náà ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ti fọ́tò, kí àwọn méjèèjì lè wà nítòsí ara wọn nínú fódà. Ẹni tó bá bẹ̀ mí fún fọ́tò náà, fódà náà ni mò ń fi ránṣẹ́ sí i: ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n.